Ṣé lóòótọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fojú kọ́ ẹ̀kọ́, tí òmíràn ń fetí kọ́ ọ? Ohun tí ìwádìí sọ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì

Tí ẹ bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìmọ̀ òògùn ní fásitì bí wọ́n ṣe máa ń kàwé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ irú èsì yìí: ẹnìkan á ní ojú lòun fi ń kẹ́kọ̀ọ́, àfi kí òun rí àwòrán, ẹlòmíràn á ní tí òun bá ti gbọ́ ọ létí, ó tán, ẹ̀kẹta á ní tí ọwọ́ òun kò bá kan nǹkan, kò lè yé òun.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá. Lọ́pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlera káàkiri àgbáyé, títí kan ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n máa ń pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́ láti mọ irú ẹni tí oníkálùkù jẹ́, kí olùkọ́ lè mọ bí yóò ṣe kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ ìgbàgbọ́ yìí wò, ohun tí wọ́n sì ń rí kò gbè é lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí pé tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń náwó nára lé ohun tí kò ṣiṣẹ́, aláìsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà máa tọ́jú lọ́la ló máa jìyà rẹ̀.

Níbo ni ọ̀rọ̀ 'ojú, etí, ọwọ́' ti wá?

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò jù lọ lórúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VARK. Neil Fleming, olùkọ́ kan ní New Zealand, ló gbé e kalẹ̀ ní 1987. Lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró fún ojú, etí, ìwé kíkà àti kíkọ, àti fífi ara ṣe nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ á dáhùn ìbéèrè mélòó kan, fọ́ọ̀mù á sì sọ fún un pé ẹ̀yà báyìí ni ó jẹ́.

VARK nìkan kọ́ ló wà. David Kolb ní Amẹ́ríkà ti gbé tirẹ̀ jáde nínú ìwé tó kọ ní 1984, àwọn méjì kan tí wọ́n ń jẹ́ Honey àti Mumford náà sì ní tiwọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa di 2004, tí Frank Coffield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, oríṣi ìlànà 71 ni wọ́n kà. Kódà ká ní gbogbo wọn ló jẹ́ òótọ́, ó ṣòro láti rí olùkọ́ tó máa rántí wọn tán, ká má tíì sọ pé yóò kọ́ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe fẹ́.

Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà béèrè ìbéèrè tó rọrùn: irú ẹ̀rí wo ló yẹ kó wà kí èèyàn tó lè gbà pé ọ̀rọ̀ yìí jóòótọ́? Wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀yà olójú àti ẹ̀yà elétí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi àwòrán kọ́ ìdajì nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ìdajì yòókù, kí gbogbo wọn sì jọ ṣe ìdánwò kan náà. Tí ìgbàgbọ́ náà bá jẹ́ òótọ́, àwọn olójú á gba máàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí wọ́n bá fi àwòrán kọ́ wọn, àwọn elétí á sì ṣe dáadáa jù tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n wá irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n rí tó ṣe é bó ṣe yẹ. Nínú àwọn díẹ̀ ọ̀hún, èsì mélòó kan ta ko ìgbàgbọ́ náà ní tààrà.

Ìwádìí tó wá kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera gbọ̀ngbọ̀n jáde ní 2018. Polly Husmann àti Valerie O'Loughlin, tí wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn ní Fásitì Indiana, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 426 dáhùn fọ́ọ̀mù VARK, wọ́n sì tún béèrè bí wọ́n ṣe ń kàwé gan-an nílé. Ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò kàwé lọ́nà tí fọ́ọ̀mù náà sọ pé ó bá wọn mu. Àwọn tó tilẹ̀ tẹ̀lé ohun tí fọ́ọ̀mù sọ kò gba máàkì ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ohun tó bá máàkì tó dára rìn ni nǹkan bíi kí akẹ́kọ̀ọ́ máa padà sórí nóòtì rẹ̀, àti kó máa wo ẹran ara lórí máíkírósíkóòpù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yà yòówù tó lè jẹ́.

Kì í ṣe pé èèyàn kò ní ohun tó wù ú o. Ẹlòmíràn fẹ́ràn fídíò, ẹlòmíràn fẹ́ràn ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú tàbí etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa sì ní ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ìwádìí kò rí ni pé kí wọ́n kọ́ èèyàn lọ́nà tó wù ú mú kó mọ̀ ọ́n jù.

Nínú iṣẹ́ ìlera, ohun tí wọ́n ń kọ́ ló ń sọ ẹ̀yà ara tí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò. Etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn tó ní àléébù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní olójú lòun kò lè fi ojú gbọ́ ọ. Ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ara ọmọ ti ń yí padà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọlọ inú aláìsàn ti wú. Dókítà tó bá ti fi ara rẹ̀ sí ẹ̀yà kan, tó wá ń sá fún èyí tó kù, aláìsàn rẹ̀ wà nínú ewu.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an

Tí kì í bá ṣe ojú àti etí ni kókó, kí wá ni? Èsì tí ìwádìí ń tọ́ka sí léraléra ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́: ṣé ó kàn ń gbọ́ ni, àbí ó ń ṣe nǹkan?

Ní 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ tí wọ́n ti ṣe nínú kíláàsì fásitì lórí sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò. Ní kíláàsì tí olùkọ́ kàn ń sọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀, nǹkan bí 34 nínú akẹ́kọ̀ọ́ 100 ló kùnà. Ní kíláàsì tí wọ́n ti mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́, nǹkan bí 22 ni. Iye tó wà láàárín méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe kékeré fún òbí tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́.

Mímú akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ kò túmọ̀ sí ariwo. Olùkọ́ lè dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kó ní kí oníkálùkù kọ èsì tirẹ̀ sílẹ̀, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í, kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á fún wọn ní ìtàn aláìsàn kan, kí wọ́n pinnu ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á gbé bèbí ike fún wọn kí wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, tí olùkọ́ máa ń pín orí ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹnìkan á dúró níwájú máa ka ohun tó kọ sórí pátákó fún àwọn tó kù tí wọ́n ń tẹ fóònù, kò sí nínú rẹ̀. Olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ̀rọ̀ rọ́pò.

Ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tó lágbára jù, tí kò sì ná ilé ẹ̀kọ́ ní kọ́bọ̀, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dán ara rẹ̀ wò. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Fásitì Washington tó wà ní St. Louis ṣe ìdánrawò kan. Wọ́n ní kí àwọn kan ka ìwé kan ní àkàtúnkà. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn kà á, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n wá kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á ní àkàtúnkà ló rántí jù: ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí àwọn yòókù rántí ìdá 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan yí padà. Àwọn tó ka ìwé lákàtúnkà rántí ìdá 40 péré, àwọn tó dán ara wọn wò sì rántí ìdá 61.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ya ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ awo lẹ́nu. Ọmọ awo kì í kàn jókòó máa gbọ́ ẹsẹ Ifá lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n á ní kó kì í padà, ọ̀gá á sì máa tọ́ ọ níbi tó bá ti ṣì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé kéú, tí ọmọ á gbé wàláà rẹ̀ wá síwájú ááfà, tí á ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ lánàá kí wọ́n tó kọ òmíràn fún un. Torí náà, kíkọ́ nǹkan sórí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n oògùn tó máa fún ọmọ láìṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá ìwé. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti há a sórí kí ó lè dà á sórí ìwé ìdánwò, tó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kùn sí i?

Ohun kan wà tó ń dá ọ̀pọ̀ olùkọ́ dúró. Tí wọ́n bá gbìyànjú ìlànà yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ló máa ń kọ́kọ́ ráhùn pé olùkọ́ kò kọ́ àwọn ní nǹkan kan, pé ó kàn ń bi àwọn ní ìbéèrè.

Ní 2019, Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard fi èyí hàn kedere nínú kíláàsì físíìsì. Wọ́n fún ìdajì akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́kíṣọ̀ tó já gaara látẹnu olùkọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n sì ní kí ìdajì tó kù jọ yanjú ìṣòro kan náà nínú ọ̀wọ́ kéékèèké. Àwọn tó yanjú ìṣòro ló gba máàkì jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n, àwọn tó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ ló gbà pé àwọn kọ́ nǹkan jù.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Tí ọ̀rọ̀ bá ń ṣàn létí ẹni, ó máa ń dà bíi pé ó ti yé èèyàn. Tí èèyàn bá ń jìjàdù pẹ̀lú ìbéèrè, tó ń ṣì í, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń rò pé òun kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé. Èyí túmọ̀ sí pé ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń fi ohun tí inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn sí nìkan díwọ̀n olùkọ́, àfàìmọ̀ kó má máa fìyà jẹ èyí tó ń kọ́ni dáadáa jù.

Ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí ojú rẹ̀ pọ́n

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wo bó ṣe ń rí. Nínú lẹ́kíṣọ̀ lásán, olùkọ́ á kọ àkòrí 'Ojú pípọ́n lára ọmọ tuntun', á to ohun tó ń fà á lọ láti orí ìkíní dé ìkẹwàá, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, ó tán.

Nínú ìlànà ìkẹ́kọ̀ọ́ láti inú ìṣòro, tí àwọn olùkọ́ ìṣègùn mọ̀ sí PBL, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló máa jókòó yí tábìlì ká. Wọ́n á fún wọn ní ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí: ìyá kan gbé ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́rin wá. Ojú ọmọ náà pọ́n, kò sì mu ọmú dáadáa láti àná. Ìyá àgbà ti ní kí wọ́n máa gbé e sínú oòrùn ní àárọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ náà ń rùn káńfọ̀.

Kò sí ẹni tó máa sọ èsì fún wọn. Àwọn ni wọ́n máa béèrè. Kí ló ń mú ojú pọ́n? Wọ́n á rí i pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní bilirubin, tó ń jáde nígbà tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń fọ́, ló ń kóra jọ nítorí pé ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó tó láti kó o dànù. Ṣé ó léwu? Tó bá pọ̀ jù, ó lè dé ọpọlọ, ó lè di ọmọ náà létí, ó lè sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, ó sì lè pa á.

Káńfọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló máa ń kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ kan sì wà tí wọ́n bí láìní G6PD tó pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ohun tó máa ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Àìtó yìí wọ́pọ̀ lágbègbè wa, nítorí pé ó ń dáàbò bo èèyàn díẹ̀ lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn naphthalene, èròjà tó wà nínú káńfọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́ gìrìgìrì.

Oòrùn tí ìyá àgbà dábàá náà á di ìbéèrè. Iná aláwọ̀ búlúù ni ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú àìsàn yìí. Ṣé oòrùn lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá a dáadáa á bá ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Èkó, tó jáde ní 2015 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Àwọn dókítà ibẹ̀ fi ọ̀rá pàtàkì bo àgọ́ kan láti sẹ́ ìtànṣán tó ń jóni kúrò nínú oòrùn, wọ́n sì rí i pé ìtọ́jú náà kò rẹ̀yìn sí ti iná búlúù. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìyẹn àti kí wọ́n kàn gbé ọmọ síta. Ìyá àgbà kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ lè dá ọmọ náà dúró sílé nígbà tó yẹ kó ti wà ní wọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn ìjókòó àkọ́kọ́, wọ́n á pín ìbéèrè tó ṣẹ́kù láàárín ara wọn, oníkálùkù á lọ kàwé fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì padà wá bá ara wọn jíròrò. Olùkọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti béèrè pé 'Báwo lẹ ṣe mọ̀?' nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ ṣì.

Láti Hamilton dé Igbó-Ọrà

Ìlú Hamilton ní Kánádà ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí PBL ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Fásitì McMaster, tí John Evans jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́, gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ wọlé ní 1969, ó sì fi lẹ́kíṣọ̀ gígùn sílẹ̀. Maastricht ní Netherlands tẹ̀lé e ní 1974.

Ṣùgbọ́n kí McMaster tó gba akẹ́kọ̀ọ́ kankan, Fásitì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera Ìbàràpá ní 1963. Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, ni ibùdó rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń kúrò ní Ìbàdàn lọ gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé aláìsàn tó ń wá sí ilé ìwòsàn ńlá ní ilé tó ti wá, omi tó ń mu àti ẹni tó ń gbọ́ ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe PBL, ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjókòó gbọ́ lásán náà.

Fásitì Ìlọrin gbé e síwájú sí i. Láti ìgbà tí ẹ̀ka ìlera rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1977 ló ti fi ètò COBES sí àárín gbùngbùn ẹ̀kọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ gbé láàárín ìlú àti abúlé, tí wọ́n máa ń ka iye ilé, tí wọ́n máa ń wo àìsàn tó wọ́pọ̀, tí wọ́n sì máa ń bá àwọn ará ìlú wá nǹkan ṣe sí i. Nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera kan pàdé ní Kingston, Jamaica, ní 1979 láti dá àjọ tí yóò máa gbé irú ẹ̀kọ́ yìí lárugẹ sílẹ̀, Ìlọrin wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, pẹ̀lú McMaster àti Maastricht.

Ní àríwá Ghana, University for Development Studies tó wà ní Tamale, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí abúlé, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ náà sì ti lo PBL. Ní Mthatha ní South Africa, láti 1992 ni wọ́n ti gba ìlànà náà wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní nǹkan àwọn òyìnbó ni kò wo ẹ̀yìn wò.

Ìlànà náà ní ibi tó kù sí o. Láti 1993 ni àwọn tó kó ìwádìí jọ ti ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ PBL lè rẹ̀yìn díẹ̀ nínú ìdánwò lórí ìmọ̀ ìpìlẹ̀. Ibi tó ti hàn pé wọ́n ta yọ ni lẹ́yìn tí wọ́n bá ti di dókítà: àgbéyẹ̀wò kan tó jáde ní 2008 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Kánádà sọ pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá dájú. Kò sì sí bí olùkọ́ kan ṣe lè jókòó ti ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá tí kíláàsì bá ní akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀ọ́dúnrún.

Akẹ́kọ̀ọ́ 64,000

Èyí ló wá mú kí ọ̀rọ̀ náà le ní Nàìjíríà báyìí. Ìjọba àpapọ̀, láti ẹnu Muhammad Ali Pate gẹ́gẹ́ bíi mínísítà ìlera, ti kéde pé wọ́n ti fi kún iye akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera lè gbà lọ́dún, láti 28,000 sí 64,000. Ìdí rẹ̀ yé gbogbo èèyàn: dókítà àti nọ́ọ̀sì ń jápa. Àmọ́ àwọn olùkọ́ wọn náà ń jápa, gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kò sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ báyìí, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn ilé ẹ̀kọ́ ni gbohùngbohùn tó pariwo sí i.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní nǹkan bí 1979, kíláàsì olùkọ́ kan ní Fásitì Oklahoma, Larry Michaelsen, pọ̀ sí i láti 40 sí 120. Dípò kó máa pariwo, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké nínú gbọ̀ngàn kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti ka iṣẹ́ wá láti ilé. Oníkálùkù á kọ́kọ́ dá ṣe ìdánwò kúkúrú, lẹ́yìn náà ọ̀wọ́ á jọ ṣe ìdánwò kan náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlera ló ń lò ó, àwọn kan a sì máa lo káàdì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ha bí ìgbà téèyàn ń ha káàdì ìpè: tí wọ́n bá ha èsì tó tọ́, àmì á yọ, tí kò bá yọ, wọ́n á tún jọ jiyàn kí wọ́n tó ha òmíràn. Olùkọ́ kan péré lè darí ọgọ́rùn-ún èèyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ná an ni àkókò láti kọ ìbéèrè tó ní láárí.

Ìdánwò náà ní ipa tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n bá máa bi í ló máa kà. Tí ìbéèrè ọdún tó kọjá bá ń padà wá bó ṣe wà, ìbéèrè ọdún tó kọjá ni yóò há sórí. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò tí Ronald Harden gbé kalẹ̀ ní Dundee, Scotland, ní 1975 fi ṣe pàtàkì. OSCE ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìlera ní Nàìjíríà àti Ghana ló sì mọ̀ ọ́n dáadáa: akẹ́kọ̀ọ́ á máa lọ láti ibùdó kan sí èkejì, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe níbẹ̀, aago á sì máa lù ú lọ.

Bèbí tó ń mí

Bóyá ibi tí ìyàtọ̀ ti hàn jù ni yàrá ìgbẹ̀bí. Ní 2010, àwọn oníṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Helping Babies Breathe, láti kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí wọ́n ṣe ń ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́. Bèbí kan tó ń jẹ́ NeoNatalie ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Tí wọ́n bá bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí i nínú, ó máa ń wúwo, ó sì máa ń rọ̀ dọ̀dọ̀ bí ọmọ gidi.

Nílé ìwòsàn Haydom ní Tanzania, wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlànà náà. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lórí bèbí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde ní 2013 fi hàn pé nígbà tí ó bá kan ọmọ gidi nínú yàrá ìgbẹ̀bí, ohun tí wọ́n ń ṣe kò yí padà. Wọ́n ti lọ síbi ẹ̀kọ́, wọ́n ti yege, ọmọ kò sì rí àǹfààní rẹ̀.

Àwọn olùdarí wá yí ọ̀nà padà. Wọ́n mú kí ìdánrawò náà máa wáyé níbi iṣẹ́ gan-an, kó jẹ́ kúkúrú, kó sì máa wáyé léraléra dípò ọjọ́ kan gbọgbọrọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí fọ́ọ̀mù tó béèrè bóyá agbẹ̀bí jẹ́ olójú tàbí elétí. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 sọ pé ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ dínkù nílé ìwòsàn náà, láti 11.1 sí 7.2 nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí.